Iná LED fún Ọ̀gbìn Inú Ilé: Bí A Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Yẹ Owó Rẹ̀

Iná LED fún ọ̀gbìn ni iná tí ń ṣe iṣẹ́ oòrùn fún ewéko níbi tí oòrùn kò dé. Ní agbègbè Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, oòrùn kò wọ́n wa. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ tó ra irú iná bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tí yóò ná an àti ohun tí yóò rí padà.

Ohun tí a ní láti wò

Wáàtì ń sọ iye iná mànàmáná tí gílóòbù ń jẹ. Kò sọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wúlò tó. Ojú ènìyàn ni a fi lumen wọn ìmọ́lẹ̀ fún, kì í ṣe ewéko. Ìwọ̀n tó kan àgbẹ̀ ni µmol/J: iye ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò, tí iná mú jáde nínú agbára tó jẹ. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni iná náà ṣe dára tó. Èyí tó bá dé 2.5 dára, èyí tó wà ní 1.5 ń fi owó ṣòfò.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ara páálí gbọ́ láìdán an wò. Àwọn iná kan wà tí a kọ 1000W sí lára, tí ohun tí wọ́n ń jẹ kò ju 100 tàbí 150 wáàtì lọ. Ẹni tó bá ní mítà àsansílẹ̀ lè pa gbogbo nǹkan mìíràn nínú ilé, kó tan iná náà nìkan fún wákàtí 10. Iná 100 wáàtì yóò jẹ yúnìtì 1.

Ìṣirò owó

Láti gbin ewébẹ̀ bíi létúùsì sórí mítà kan níbùú lóròó, iná 100 wáàtì tó ní 2.5 µmol/J tó, bí a bá ń tàn án fún wákàtí 14 lójúmọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, yóò jẹ yúnìtì 42. Ní iye owó ìpele A ní oṣù Keje ọdún 2024, ìyẹn ₦209.50 fún yúnìtì kan láìka owó-orí, ó jẹ́ ₦8,799. Iná tó ní 1.5 yóò jẹ yúnìtì 70 kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà: ₦14,665. Ìyàtọ̀ ₦5,866 lóṣooṣù lè gba èrè iná olówó pọ́ọ́kú tán láàárín oṣù díẹ̀.

Owó jẹnẹrétọ̀ tún pọ̀ ju èyí lọ. Pánẹ́ẹ̀lì sólà kì í sì í sọ ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára oòrùn di iná.

Ìgbà tó pé àti ìgbà tí kò pé

Kò pé fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú tí a ń kó lọ sọ́jà: ebè tó wà ní gbangba ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè pé fún irúgbìn tòmátì àti ata tí a ń tọ́ nínú tíréè, nítorí àyè kékeré ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, wọn kì í sì pẹ́ lábẹ́ iná. Ó tún wúlò nínú yàrá ìwádìí tí a ti ń fi ẹran ara ewéko pọ̀ sí i, irú èyí tó wà ní IITA ní Ìbàdàn.

A gba àwọn àgbẹ̀ wa nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi tíréè kan dán an wò, kí wọ́n kọ yúnìtì tí mítà jẹ sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì. Iná tí olùtajà kò lè sọ µmol/J rẹ̀, ẹ má rà á.