Ọkùnrin tó dúró sẹ́yìn ní Alabama

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL kọ́kọ́ jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ní Philadelphia, lóṣù kejì ọdún 1936, láti pín àwọn ọmọ yunifásítì láàárín ara wọn, ètò tí wọ́n ń pè ní draft, orúkọ 90 ni wọ́n kọ síwájú ara wọn. Ẹgbẹ́ kankan kò ní òṣìṣẹ́ tó ń rìn kiri lọ wo àwọn ọmọ náà. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Wellington Mara, ọmọ ẹni tó ni ẹgbẹ́ Giants ní New York, a máa ra ìwé ìròyìn ìlú òkèèrè jọ, a sì máa kọ ohun tó bá kà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ náà, Jay Berwanger láti Yunifásítì Chicago, kò fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ owó rárá.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù; NFL ni líìgì rẹ̀ tó ga jù. Nínú gbogbo ipò tó wà nínú rẹ̀, wide receiver ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tó ń sá jáde láti ẹ̀gbẹ́ pápá, tó ń já ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀, tó sì ń mú bọ́ọ̀lù kó tó balẹ̀. Amúbọ́ọ̀lù ni n ó máa pè é. Eré sísá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì níbí ní Houston, aago tí a fi ń wọn eré kì í kúrò lọ́rùn mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń yẹ amúbọ́ọ̀lù wò fi jẹ mí lógún.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹgbẹ́ Rams ní Los Angeles gba Eddie Kotal, tí wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi ìṣàwárí agbábọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ní 1949, Rams gba Tank Younger láti Grambling, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ láti yunifásítì adúláwọ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù ní NFL. Ìgbà yẹn, àwọn yunifásítì ńlá ìhà gúúsù kò gba ọmọ dúdú wọlé, nítorí náà àwọn yunifásítì adúláwọ̀ ni ẹ̀bùn wọ̀nyẹn kóra jọ sí. Ẹni tí kò bá débẹ̀ kò lè mọ̀.

Aago wọ iṣẹ́ ìṣàwárí náà láti ọwọ́ Paul Brown ti Cleveland, ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan eré 40 yáàdì. Mi ò kórìíra aago o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ méjì tí wọ́n jẹ́ ògidì asáré. Bob Hayes láti Florida A&M, Dallas mú un ní ìpele keje draft 1964; ó lọ gba góòlù 100 mítà ní Tókíò lọ́dún kan náà, ó padà wálé, ó sì ń já àwọn tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀ débi tí àwọn ẹgbẹ́ fi ní láti yí ètò ìdènà wọn padà, nítorí kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè bá a sáré. Jim Hines, ọmọ Texas Southern níhìn-ín ní Houston, gba góòlù kan náà ní Mexico ní 1968. Miami mú un. Bọ́ọ̀lù 2 péré ló mú fún wọn. Kí ni aago sọ nípa àwọn méjèèjì? Ohun kan náà ni.

Ohun tí ojú gbọ́dọ̀ wò kọjá eré. Bí amúbọ́ọ̀lù bá ń sáré lọ tààrà tó sì fẹ́ yà lójijì, ṣé ìbàdí rẹ̀ ń wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó yà, àbí ó ní láti gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún kó tó lè dúró? Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lókè àyà, àtàǹpàkò méjèèjì ló yẹ kó súnmọ́ra. Bó bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ ìbàdí, ọmọńdinrín méjèèjì ni. Ọmọ tó ń fi àyà gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra ń sọ fún ọ pé òun kò fọkàn tán ọwọ́ òun. Aago kankan kò rí ìyẹn.

Bill Nunn rí i. Akọ̀ròyìn ni, ní Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn adúláwọ̀ tí wọ́n ń kà káàkiri Amẹ́ríkà. Láti 1950 ló ti ń yan àwọn tó dáńtọ́ jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì adúláwọ̀ lọ́dọọdún. Kó tó lè yàn wọ́n, ó ní láti rìn débẹ̀, ó sì mọ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ bí ẹni mọ ará ilé ẹni. Steelers, ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ gan-an, kò ka iṣẹ́ yìí sí, ó sì dùn ún débi pé kì í fẹ́ yà sọ́dọ̀ wọn. Dan Rooney, ọmọ ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, ló pè é pé kó wá sọ tinú rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìfi bò. Kí ọdún 1969 tó parí, ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù nípa rẹ̀ ni ti John Stallworth, ọmọ Tuscaloosa tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Alabama A&M. Kí draft 1974 tó dé, àwọn aṣàwárí láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù, Stallworth sáré, iye tí aago gbé jáde kò wú wọn lórí. Mo mọ ohun tí ilẹ̀ tútù ń ṣe: ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ ń yọ̀, aago á sì ka yíyọ̀ náà mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Àwọn yòókù di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Nunn ní ara òun kò yá, ó dúró sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ti lọ tán, ó mú Stallworth lọ sí ibi tí ilẹ̀ dára, ó ní kó tún sáré. Ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n ní fíìmù ọmọ náà pẹ̀lú pẹ́ lọ́wọ́ Steelers kí àwọn mìíràn tó rí i.

Chuck Noll, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fẹ́ mú Stallworth ní ìpele kìn-ín-ní. Wọ́n rọ̀ ọ́ pé kó mú Lynn Swann ti USC ná, pé Stallworth á ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣì wà lóòótọ́, títí di ẹni 82, ní ìpele kẹrin. Ní January 1980, bọ́ọ̀lù 73 yáàdì tó mú ló fi Steelers síwájú Rams nínú Super Bowl, ìdíje àṣekágbá NFL, Rams ò sì tún lé wọn bá. Ní 2002, ó wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù, ní Canton.

Ẹ ò bá rò pé ẹ̀kọ́ yẹn ti wọ gbogbo wọn létí. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ìyẹ̀wò ńlá ní Tampa, èyí tó wà ní Indianapolis láti 1987, níbi tí wọ́n ti ń wọn gíga, ìwúwo, gígùn apá àti eré. Ṣùgbọ́n ní draft 1985, orúkọ 15 ni wọ́n ti pè kí San Francisco tó pe Jerry Rice láti Mississippi Valley State. Amúbọ́ọ̀lù méjì, Al Toon àti Eddie Brown, ṣáájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé 40 yáàdì rẹ̀ kò yá, pé yunifásítì rẹ̀ kéré. Bill Walsh, akọ́nimọ̀ọ́gbá San Francisco, ti rí i ní October 1984, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì níhìn-ín ní Houston, lórí tẹlifíṣọ̀n, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje wọn pẹ̀lú Oilers, ẹgbẹ́ Houston nígbà náà. Bírìkìlà ni bàbá Rice. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ a máa ju bíríkì sókè sí i, òun á sì máa mú un. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ lásán mú bíríkì nínú oòrùn Mississippi kò ní fi àyà gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀lù 1,549 ló ti mú, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú tó.

Nunn kú ní 2014. Ní 2021 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú Hall of Fame, inú mi sì dùn sí i gan-an. Àmọ́ draft ọdún yẹn kan náà, orúkọ 259 ni wọ́n pè fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn láti yunifásítì adúláwọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe mẹ́rin. Kò sí amúbọ́ọ̀lù nínú wọn.