Ìrora Ara Lẹ́yìn Lílúwẹ̀ẹ́ Abẹ́ Òkun: Ohun tí Olùtọ́jú Ní Láti Mọ̀

Àwọn arìnrìn-àjò kan máa ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ abẹ́ òkun láti wo àpáta iyùn àti àwọn ọkọ̀ tí ó ti rì. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ń lọ ni Òkun Pupa ní ilẹ̀ Íjíbítì. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ Thistlegorm wà, tí bọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun Jámánì mú kí ó rì ní 1941, ní ìsàlẹ̀ omi tí ó jìn tó nǹkan bí mítà 30. Bí irú arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ bá wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí Accra, ó lè jẹ́ ẹ̀yin olùtọ́jú ní Kotobabi ni yóò kọ́kọ́ sọ fún pé oríkèé ń ro òun. Ẹ má ṣe yára pè é ní ibà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Bí ènìyàn ti ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí ó ń mí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ sí i. Bí ó bá yára gòkè, tàbí tí ó tètè wọ ọkọ̀ òfúrufú, náítírójìn náà yóò hó nínú ara bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní decompression sickness. Ó lè sọ ènìyàn di arọ, ó sì lè pa ènìyàn.

Bí a bá ń ṣètò ìrìn-àjò náà

- Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, wárápá, àìsàn ọkàn, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Aboyún kò gbọdọ̀ ṣe é rárá.
- Ẹni tí ọ̀fìnkìn dí ní imú kí ó dúró títí ara rẹ̀ yóò fi yá.
- Ẹni tí ó ń lo mefloquine láti dènà ibà kí ó sọ fún dókítà, nítorí oògùn náà lè fa òòyì tí ó jọ ti àìsàn yìí.
- Lẹ́yìn wíwọ abẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan, kí ó dúró ó kéré tán wákàtí 12 kí ó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú; bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wákàtí 18. Wákàtí 24 ni ó dára jù. Nítorí náà, orí ilẹ̀ ni kí ó ti lo ọjọ́ ìkẹyìn.

Àwọn àmì àìsàn náà

Wọ́n sábà máa ń yọjú láàárín wákàtí 24: ìrora oríkèé, kíkú tipiri ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, àìlágbára, ara yíyún, òòyì, àìlèmí dáadáa, àìlètọ̀.

Ohun tí ẹ óò ṣe

- Ẹ bi í pé: «Ǹjẹ́ ẹ wọ abẹ́ omi láìpẹ́ yìí? Ìgbà wo ni?»
- Ẹ pe 112. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ sì fún un ní ọ́síjìn bí ó bá wà. Bí ó bá mọ ara rẹ̀ dáadáa, ẹ fún un ní omi mu.
- Ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èsì rẹ̀ fi àkókò ṣòfò.
- Kò gbọdọ̀ padà sínú omi, kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ. Ìyàrá pàtàkì tí a ti ń fi ọ́síjìn àti agbára afẹ́fẹ́ ṣe ìtọ́jú ni a máa ń gbé e lọ.
- Òṣìṣẹ́ ìlera lè pe Divers Alert Network nígbàkúgbà fún ìmọ̀ràn: +1 919 684 9111.

Ẹ rántí pé ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lè gba ẹsẹ̀ ènìyàn là, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.