Owó Bodè ní Ẹnu-Ọ̀nà Ìdájọ́: Ìtàn Owó Kóòtù ní Ẹdẹ, àti Bí Òfin Ṣe Lè Mú Èyí tí Ó Ti Gbó Kúrò



Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà kò lè pẹ́ jù ní ẹnu wa, nítorí ọ̀rọ̀ náà kóòtù fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò. Àwọn Òyìnbó ni ó bá wọ ilẹ̀ yìí. Ohun mìíràn sì tún bá a wọlé, èyí tí a kì í sábà rò, èyíinì ni owó tí òfin là sílẹ̀ pé kí a san kí adájọ́ tó gbọ́ ohùn wa. Ìtàn owó náà ni a fẹ́ sọ, pàápàá bí ó ti kan ìlú Ẹdẹ. A ó sì fi hàn pé owó tí òfin bá gbé kalẹ̀, òfin náà ni ó gbọdọ̀ gbé e kúrò nígbà tí ìdí rẹ̀ bá ti kú.

I. Ìdájọ́ kí ìwé tó dé

Àwọn àgbà sọ fún wa pé Aláàfin ni ó rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá láti máa ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn èrò, àti pé láti inú ibùdó rẹ̀ ni Ẹdẹ ti di ìlú. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, baálé ni í dá ẹjọ́ ilé. Ìjòyè àdúgbò ni í dá ẹjọ́ láàárín agbo ilé méjì. Èyí tí ó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ààfin ni a ń gbé e lọ, kí ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ gbọ́ ọ. Kò sí ìwé ìpẹ̀jọ́, kò sì sí akọ̀wé.

A kò ní wí pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí irọ́ ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó ń gbé ẹjọ́ lọ bá àgbà kì í lọ ní ọwọ́ òfo. Obì wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, ẹni tí ó jẹ̀bi a sì máa san owó ìtanràn. Níbi tí ìjòyè bá sì ti jẹ́ olójúkòkòrò, ẹ̀bùn a di àbẹ̀tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọjọ́ àwọn ọmọ Sámúẹ́lì. Ṣùgbọ́n a kò kọ iye kan sára ògiri pé ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí agbára olúkúlùkù ti mọ ni ó ń mú wá, ẹni tí kò sì ní ohunkóhun lè dọ̀bálẹ̀ níwájú ààfin kí ó ké.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ìgbà Tìmì Àbíbù Lágúnjú tí í ṣe Mùsùlùmí, àwọn onímọ̀ Kùránì pẹ̀lú ń dá ẹjọ́ ní Ẹdẹ gẹ́gẹ́ bí òfin Ṣàríà. Nítorí náà ìlú yìí ti mọ ju ọ̀nà ìdájọ́ kan lọ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Lẹ́yìn ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, Ẹdẹ ti bọ́ sábẹ́ Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn ìjòyè Ìbàdàn sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1893, ohun tí Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀ dé orí Ẹdẹ pẹ̀lú.

II. Bí owó ṣe di òfin

Ní ọdún 1914 ni Lugard so ìhà Gúúsù àti ìhà Àríwá pọ̀. Ní ọdún kan náà ni a ṣe òfin Kóòtù Ìbílẹ̀, tí ó fún àwọn ọba àti ìjòyè ní ìwé àṣẹ láti máa dájọ́, pẹ̀lú akọ̀wé tí ń kọ ẹjọ́ sínú ìwé, akódà tí ń mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ, àti iye owó tí a ó san lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ní àkókò náà pẹ̀lú ni a dá Kóòtù Ẹkùn sílẹ̀, níbi tí a kò gbà kí lọ́yà bá ẹnikẹ́ni rojọ́.

Kí ni ìdí owó náà? Ẹ jẹ́ kí a ṣe òótọ́ sí àwọn tí ó fi í lélẹ̀: kì í ṣe ìwà ìkà nìkan ni ó mú un wá. Ìjọba fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n owó-orí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín ọdún 1916 sí 1918 ni a tó mú un wọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Kí ó tó dé, owó kóòtù àti owó ìtanràn wà lára ohun pàtàkì tí ń wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìhà Gúúsù. Láti inú rẹ̀ ni a ti ń san owó oṣù fún àwọn tí ń jókòó dájọ́ àti fún akọ̀wé wọn. Ẹ rí i bí ọ̀ràn ti rí: ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ń bọ́ adájọ́. Kóòtù tí ó sì ń jẹun láti inú ìjà kò lè fẹ́ kí ìjà tán ní ìlú.

Àwọn ènìyàn kò fi inú dídùn gba ètò tuntun yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916 ni Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ìjọba. Ọ̀ràn àwọn kóòtù tuntun, àti bí wọ́n ti ń tú ìgbéyàwó ká, wà lára ohun tí ó bí wọn nínú. Ní ọdún 1929 àwọn obìnrin ìhà Ìlà-Oòrùn dìde nítorí owó-orí. Nígbà tí wọ́n sì dìde, wọ́n dojú kọ àwọn ilé kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n sì sun púpọ̀ nínú wọn. A kò wí pé owó kóòtù nìkan ni ó fa èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í dáná sun ilé tí a ti ń dá a láre.

Ní ọdún 1933, nígbà tí Cameron jẹ́ Gómìnà, a tún àwọn òfin náà ṣe; a pa Kóòtù Ẹkùn rẹ́, a sì tún ètò Kóòtù Ìbílẹ̀ tò. Owó-orí ti dé nígbà náà. Ìdí tí a fi gbé owó kóòtù kalẹ̀ ti ń yẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó náà dúró.

III. Òfin tí a kọ kì í kú fúnra rẹ̀

Níhìn-ín ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà. Àṣà tí ó ti gbó a máa kú bí àwọn ènìyàn bá ti pa á tì. Òfin tí a kọ sínú ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ tilẹ̀ kú, tí ìjọba tí ó fi í lélẹ̀ sì kógbá wọlé, òfin náà wà láàyè títí ẹni tí ó ní àṣẹ yóò fi pa á rẹ́.

Ní ìgbà Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1946 títí di 1975, ohun mẹ́ta ṣẹlẹ̀ tí ó fi èyí hàn. Ní ọdún 1957, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ tuntun dípò ti ìjọba amúnisìn. Orúkọ àti ipò àwọn kóòtù yí padà, ṣùgbọ́n owó kóòtù ṣí kúrò nínú òfin àtijọ́ wọ inú tuntun, bí ayálégbé tí ó kàn pààrọ̀ onílé. Ní ọdún 1959 ìjọba kan náà yẹ gbogbo òfin rẹ̀ wò. Títí di ìgbà náà, àwọn òfin gbogboogbò tí ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n ń lò ní ilẹ̀ wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòpin sí i, ó sì sọ èyí tí ó wúlò di òfin tirẹ̀. Ẹ̀rí ni èyí pé àwọn ọmọ wa lè jókòó, kí wọ́n ku òfin bí a ti ń ku èlùbọ́, kí wọ́n sì da èérí nù. Ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn, ṣílè mẹ́wàá sì di náírà kan. Owó tí a ti kọ ní ṣílè di náírà àti kọ́bọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún bi í léèrè ìdí tí a fi ń gbà á.

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, ọmọ jogún ìwé òfin ìyá rẹ̀. Àṣìṣe méjì sì wà tí a máa ń ṣe sí irú ogún bẹ́ẹ̀. Èkínní, a lè fi owó tí kò níye lórí mọ́ sílẹ̀ títí ìwé tí a fi ń kọ rìsíìtì rẹ̀ yóò fi wọ́n jù ú lọ. Èkejì, a lè sọ ọ́ di púpọ̀ kí àpò ìjọba lè kún. Ìyá kan náà ni ó bí àṣìṣe méjèèjì: a kò padà lọ wádìí bóyá ìdí owó náà ṣì wà.

IV. Ẹni tí ó ní àṣẹ láti pa á rẹ́

Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe ìlànà tí Kóòtù Gíga yóò máa tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ó fi ìlànà náà sábẹ́ òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣe. Ilé Aṣòfin Ọ̀ṣun, tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, lè gbé òfin kalẹ̀ láti pa owó kan rẹ́. Bí Gómìnà kò bá fọwọ́ sí i, Ilé lè tún un gbé dìde, kí ó sì di òfin bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá fara mọ́ ọn. Nítorí náà kì í ṣe akọ̀wé tí ń gbowó lójú fèrèsé ni ó yẹ kí a máa bá jà. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó ń jẹ́.

Àwọn ìlú mìíràn ti rin ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1795 ni Jeremy Bentham tẹ ìwé kan jáde ní Gẹ̀ẹ́sì láti fi hàn pé owó-orí tí a gbé lé ẹjọ́ burú ju gbogbo owó-orí yòókù lọ, nítorí ẹni tí ìyà ń jẹ ni a gbé e lé. Ní ọdún 1824 Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì pa owó òǹtẹ̀ orí ìwé ẹjọ́ rẹ́. Síbẹ̀ wọ́n gbàgbé ẹ̀kọ́ náà: ní ọdún 2013 ìjọba wọn fi owó, tí ó lè tó £1,200, sí ẹnu-ọ̀nà kóòtù àwọn òṣìṣẹ́. Ẹjọ́ tí a ń pè níbẹ̀ dínkù ju ìdajì lọ, títí Kóòtù Gíga Jù Lọ fi sọ ní oṣù keje ọdún 2017 pé owó náà lòdì sí òfin. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní ọdún 2020 tí ó pa oríṣi owó mẹ́tàlélógún rẹ́, èyí tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó bá dé iwájú kóòtù ọ̀daràn. Òfin náà kò dúró síbẹ̀. Ó pa gbèsè tí ó ti wà nílẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú, tí a ṣírò sí nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún dọ́là, nítorí wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣeé gbà lọ́wọ́ tálákà láéláé.

V. Ìdáhùn sí àwọn tí ń bẹ̀rù

Ẹnìkan lè wí pé, bí kò bá sí owó, aláríyànjiyàn ni yóò kún kóòtù. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n adájọ́ ní àṣẹ láti bu owó lé ẹni tí ó bá fi ẹjọ́ asán yọ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu, lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Èyí sàn ju pé kí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ olódodo àti oníjàgídíjàgan pọ̀ kí a tó mọ èwo ni èwo. A kò sì wí pé kí gbogbo owó kóòtù kúrò ní ọjọ́ kan. Ohun tí a ń wí ni pé kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a bi wọ́n léèrè: iṣẹ́ wo ni ìwọ ń ṣe? Ta ni ìwọ ń dá dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn? Èyí tí kò bá rí ìdáhùn, kí òfin sin ín.

Ẹ rántí opó inú Lúùkù orí kejìdínlógún. Adájọ́ ìlú rẹ̀ kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò sì ka ènìyàn sí. Ṣùgbọ́n a kò kà níbẹ̀ pé ó bi opó náà léèrè owó kí ó tó lè wọlé. Wíwá rẹ̀ lemọ́lemọ́ nìkan ni ó fi ṣẹ́gun. Bí opó kan bá dìde ní Ẹdẹ lónìí nítorí oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, tí àwọn ará ilé ọkọ sì gbà á, ṣé yóò tilẹ̀ lè wá lẹ́ẹ̀kan, kí a tó sọ ti lemọ́lemọ́?

Àwọn bàbá wa mọ owó bodè, tí oníbodè ń gbà lọ́wọ́ èrò kí ó tó jẹ́ kí wọ́n wọ ìlú. Bodè àwọn ìlú wa ti wó, ìlú kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ̀wé sí àwọn tí a dìbò fún, ní orúkọ ìjọ àti ní orúkọ àdúgbò. Kí a máa béèrè rìsíìtì fún owó gbogbo tí a bá san. Kí a sì darí aláìní sí Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Kí Ọlọ́run, Onídàájọ́ gbogbo ayé, ẹni tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, fi ọgbọ́n fún àwọn aṣòfin wa. Àmín.