Ẹmu, Ògógóró àti Bíà: Ilé Ọtí àti Orin Inú Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn retí ni pé n ó sọ nípa oyè Abodì, tàbí nípa bí àwọn Ìkálẹ̀ ṣe tẹ ilẹ̀ wọn dó. Mo ti sọ irú rẹ̀ rí. Ilé ọtí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí òpìtàn bá ń wá ibi tí àgbẹ̀, awakọ̀, tíṣà àti akọ̀wé ti ń pàdé ara wọn láìjẹ́ pé ọba tàbí àlùfáà ni ó pè wọ́n jọ, níbo ni yóò lọ bí kò ṣe ibi tí wọ́n ti ń mu? Ìdí mìíràn tún wà tí kò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín rárá. N ó dé ibẹ̀.

Ìkọ̀yà, ibùjókòó Abodì, wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ní ìpínlẹ̀ Òndó. Bí ènìyàn bá ti ibẹ̀ kọrí sí gúúsù, ilẹ̀ a máa rọ̀ sí i, omi a máa pọ̀ sí i, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ létí òkun. Igi méjì ni ilẹ̀ yìí fi bọ́ wa, kò sì yẹ kí a da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ọ̀pẹ ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Adẹ́mu a fi ìgbà gùn ún, a gé ojú òdòdó akọ rẹ̀, a sì fi akèrègbè gba oje tí ń kán. Ọ̀pẹ náà kì í tìtorí èyí kú. Ní Gánà, wọn a máa gé ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹmu rẹ̀. Tiwa dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ògùrọ̀ ní tirẹ̀, inú àbàtà ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn èyí a kú. Ìgbà tí ó bá fẹ́ tanná yìí gan-an ni a ń dá a. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń dá ògùrọ̀ kò lè jókòó sójú kan: igi tí ó dá tán ti kú, ó di dandan kí ó ṣí lọ síbi tí òmíràn wà. Àgọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ilé ọtí àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ láyé mi.

Ìbátan bàbá mi kan ni ó ni ín. Imọ̀ ògùrọ̀ ni wọ́n fi bo orí àgọ́ náà, ìtì igi mẹ́ta sì ni àga. Bí ẹ bá bi mí léèrè èwo ni ó dára jù nínú gbogbo ilé ọtí tí mo ti wọ̀, láti Ìkọ̀yà títí dé Èkó àti ìlú òyìnbó, àgọ́ yìí ni n ó dárúkọ, n kò sì ní ronú kí n tó sọ ọ́. Oje tí ó bá kán ní òwúrọ̀ a máa dùn bí omi ìrèké. Kí oòrùn tó mú, ìwúkàrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára rẹ̀, a sì máa hó pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀ lẹ́nu akèrègbè. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti lè pa àgbàlagbà. Lọ́jọ́ kejì ó ń kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé lórí bí ẹmu ṣe ń wú yìí ní 1962, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ń jókòó lórí ìtì igi wọ̀nyẹn mọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyípadà náà ń wáyé láìwo aago. Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀: ẹmu kò lè rin ìrìn àjò. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ rìn lọ bá a. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ilé ẹlẹ́mu jẹ́ ti àdúgbò ní tòótọ́, ẹni tí ẹ ó bá níbẹ̀ lónìí ni ẹ ó bá níbẹ̀ lọ́la.

Ọtí tí ó lè rìn ni ó yí ìtàn wa padà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jíìnì láti Hamburg àti Rotterdam ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó wá fi gba epo pupa. Kí ìjọba àmúnisìn tó so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá ní 1914, èyí tí ó ju ìdajì owó ibodè Gúúsù Nàìjíríà lọ, orí ọtí òyìnbó ni ó ti ń wá. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù pariwo, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ní pàtàkì. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà ní 1909. Ìgbìmọ̀ náà kò rí ohun tí ó burú tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò rí i, nígbà tí owó ìjọba wà níbẹ̀? Ìgbà tí àdéhùn Saint-Germain wáyé ní 1919 ni wọ́n tó fi òfin de jíìnì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní ti òwò. Èyí tí òfin ṣì gbà, wọ́n bu owó ibodè lé e tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ kò fi lè rà á.

Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé ayé dojú dé ní 1929. Owó epo wálẹ̀. Àgbẹ̀ kò rí owó orí san, kò sì rí jíìnì rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ènìyàn ti ń fi ẹmu pọn jíìnì tiwọn nínú igbó. Òun ni ògógóró, tí àwọn mìíràn ń pè ní káíkáí. Ilẹ̀ wa wá di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ, nítorí ògùrọ̀ pọ̀ ní àbàtà wa, igi ìdáná pọ̀, ọlọ́pàá sì jìnnà. Àwọn Urhobo tí wọ́n wá bá wa gbé láti ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite kọ̀wé nípa wọn ní 1979, kó ipa ńlá nínú iṣẹ́ yìí. Ìkálẹ̀ tí ó bá sọ fún yín pé àwa nìkan ni a ṣe é ń fẹ́ jayé orí àlejò.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n. Wọn a da ẹmu tí ó ti kan sínú dúrọ́ọ̀mù, wọn a gbé e kaná, wọn a sì dí ẹnu rẹ̀ pa. Ooru rẹ̀ a gba inú páìpù bàbà jáde, páìpù a la omi tútù kọjá nínú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi tí kò wúlò mọ́ fún ìrìn, ooru náà a tún di omi, a máa kán sínú ìgò. Èyí tí ó kọ́kọ́ kán ni ó le jù. Bí a bá dà á síná, a gbiná lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà jẹ́ ilé ọtí, nítorí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ń mu, àwọn oníbàárà sì ń tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n fi wé àgọ́ ẹlẹ́mu, ohun kan ni mo máa ń rántí: kò sí orin níbẹ̀. Àwa ọmọdé ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohùn sókè, wọn a ní kí ó panu mọ́. Ilé ọtí mìíràn tí kò ní orin, n kò tíì rí i.

Orin wà níbòmíràn. Àwọn Kúrù, atukọ̀ láti Làìbéríà, ni wọ́n gbé gìtá kiri gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n sì ń fi ìka méjì ta á ní ilé ẹlẹ́mu. Ní 1928, àwọn mẹ́ta láti Kumasi lọ gba irú orin yìí sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Èkó, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Olówógbówó ni Túndé King àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé láti mu àti láti kọrin. Ibẹ̀ ni jùjú ti gbèrú, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ sì jáde ní 1936. Ayinde Bakare tẹ̀ lé e ní 1937. Ọ̀nà omi ni ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa, nínú àpótí àwọn tí ó ti Èkó bọ̀ wá ṣe ọdún. Ẹ̀rọ giramafóònù kan lè sọ pálọ̀ ènìyàn di ilé ọtí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nínú àwọn orin àtijọ́, ti Túndé King ni mo fẹ́ràn jù. Kò pariwo. Ẹni tí ń gbọ́ ọ lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bíà ni ó fi òpin sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ní oṣù kẹfà 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Ìgánmú ní Èkó. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, Gulder dé ní 1970, ilé-iṣẹ́ tí ń pọn Trophy sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà ní 1978. Ní àkókò kan náà tí Star fẹ́ dé, orin náà ń gbé ohùn sókè: ní 1948 ni wọ́n mú gángan wọ inú jùjú, kò sì pẹ́ tí gìtá oníná náà fi dé. Nígbà tí I. K. Dairo fi gbọ̀rọ̀ kún un tí Salome rẹ̀ sì gba ìlú kan ní 1962, ilé ọtí tí kò ní ẹ̀rọ kò lè rí oníbàárà mọ́. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí àwọn ọmọ-ogun Bìáfrà ti dé Ọ̀rẹ̀ nítòsí wa ní 1967, tí owó epo rọ̀bì sì dé, tí owó Udoji tẹ̀ lé e, ilé bíà kún ojú títì Òkìtìpupa. Tíṣà tí ń mu bíà kò fẹ́ kí a rí òun lórí ìtì igi mọ́. Mo wà lára wọn, n kò ní parọ́. Nínú ilé bíà, Orlando Owoh ni ti alẹ́, nígbà tí ìgò bá ti pọ̀ lórí tábìlì. Ohùn rẹ̀ tí ó há yẹn, kò sí ẹni tí ó bá ọtí mu jù ú lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ mú orin mìíràn wá. Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti bá Fẹlá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1971. Paul McCartney náà wá gba orin sílẹ̀ ní Àpápá ní 1973. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's tí wọ́n ń jẹ́ Ofege gbé gìtá rọ́ọ̀kì tiwọn jáde. Ọmọ àbúrò mi mú rẹ́kọ́ọ̀dù Ofege wálé. Ìbátan bàbá mi tí ó ni àgọ́ gbọ́ ọ títí, ó ní orin náà dára, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn tí ń kọ ọ́ kò tíì jẹun.

Ní tiwa, Comfort Omoge ni ó mú àṣíkò Ìkálẹ̀ wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù ní àwọn ọdún 1970. Ohùn obìnrin, ìlù, àti ìgbè. Ẹ̀ka èdè wa gan-an, láìtún un ṣe fún etí ará Ìbàdàn. Mo wà ní ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sì gbé ife mi sílẹ̀.

Ìdí kejì nìyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, wọn kò ríran mọ́. Láàárín ọjọ́ kan wọn a ti kú. Ó ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí ó bá a lọ. Àwọn kan ní ìbínú Malòkun ni, nítorí wọ́n ti já ojúbọ rẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹtanọ́ọ̀lù ni, nínú ògógóró. Ní oṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de pípọn àti títa rẹ̀. Ògógóró tí a fi ẹmu pọn bí ó ti yẹ kì í ní mẹtanọ́ọ̀lù tó èyí tí ń pa odidi àwùjọ. Èrò mi ni pé ẹnì kan, níbì kan, fi ohun tí kì í ṣe ọtí mímu lú u. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń dùn mí. Láti àwọn ọdún 1930 ni ìjọba ti ń lé àwọn apọntí wọnú àbàtà, kì í ṣe nítorí ìlera ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe nítorí owó ibodè. Ohun tí a bá ń ṣe nínú òkùnkùn, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a fi kọ́ àwọn ènìyàn láti má ṣe bi ara wọn léèrè ibi tí ìgò ti wá. Lẹ́yìn ikú wọ̀nyí, òfin kan náà ni a tún gbé jáde.

Mo dé Ìkọ̀yà láìpẹ́ yìí. Obìnrin kan ń ta ọtí lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní àga oníke mẹ́rin àti rédíò kékeré kan tí Orlando Owoh ń kọrin nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ògógóró wà?" Ó wò mí, ó wo ọ̀nà.

Ó ní, "Ó wà, Bàbá, ṣùgbọ́n n kò lè fún yín. Ẹni tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn ni ó gbé èyí wá, n kò mọ ibùdó rẹ̀."

Ó ṣí bíà fún mi. A jókòó títí orin náà fi tán.