Ìpìlẹ̀ Ìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Sísọ: Láti Ilé Kéú Sábó dé Ààfin Ọ̀yọ́

Ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ọ̀nà tí olùsọ̀rọ̀ ń gbà yí olùgbọ́ lọ́kàn padà, ti pẹ́ láyé, àwọn ará Gíríìsì, Róòmù àti Lárúbáwá sì ti ṣe òfin fún un nínú ìwé. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ àwọn kókó rẹ̀ wò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, láti fi hàn pé ipò tí olùgbọ́ wà ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn.

Aristotle ti Gíríìsì, ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, pín ọ̀rọ̀ sí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí irú olùgbọ́: ti ilé ẹjọ́, níbi tí a ti ń dájọ́ ohun tó ti kọjá, ti ìgbìmọ̀, níbi tí a ti ń gbèrò ọjọ́ iwájú, àti ti ayẹyẹ, níbi tí a ti ń yin ènìyàn tàbí bẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn ará Róòmù ka iṣẹ́ olùsọ̀rọ̀ sí márùn-ún: wíwá ohun tí a ó sọ, títò ó, fífi èdè tó yẹ wọ̀ ọ́, fífi í sórí, àti gbígbé e jáde lẹ́nu. Nínú ìkẹrin, ọ̀gá ni àwọn arọ́kin, òpìtàn ààfin Aláàfin Ọ̀yọ́, tí Samuel Johnson gbára lé fún ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921.

Ní ti Lárúbáwá, al-Sakkaki, tí ó kú ní 1229, àti al-Qazwini, tí ó kú ní 1338, ni ìwé wọn fi ìdí ètò ìmọ̀ tí à ń pè ní bàlágà múlẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta ni ó ní: ma'ánì, tí ó ń wo bí ìhun gbólóhùn ṣe bá àsìkò mu, bàyánì, tí ó ń wo àfiwé, àti bàdí'ù, tí ó ń wo ẹwà ọ̀rọ̀.

Ma'ánì ló fi ipò olùgbọ́ hàn jù. Bí ọlọ́jà bá ń ròyìn fún ẹni tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, "Ọkọ̀ àlùbọ́sà ti dé" ti tó, bí olùgbọ́ bá ń ṣiyèméjì, ọlọ́jà yóò ní, "Ọkọ̀ àlùbọ́sà mà ti dé", bí olùgbọ́ bá ń jiyàn, ìbúra yóò wọ̀ ọ́: "Mo fi Ọlọ́run búra, ọkọ̀ àlùbọ́sà mà ti dé." Ìròyìn kan náà ni, ṣùgbọ́n iyèméjì olùgbọ́ ló ń pinnu ìwọ̀n ìtẹnumọ́, ẹni tí ó bá sì búra fún ẹni tí kò jiyàn ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Nínú bàyánì, opó mẹ́rin ni àfiwé ní. Nínú "Ọ̀rọ̀ bàbá náà tutù bí omi àmù", ọ̀rọ̀ ni a fi wé nǹkan, omi àmù ni a fi í wé, "bí" ni irinṣẹ́, ìtutù sì ni ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ọmọ ìlú tí ó mọ àmù yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò rí àmù rí yóò nílò àfiwé mìíràn.

Ìlànà wíwo ipò olùgbọ́ yìí kan náà ló wúlò fún oníwàásù tí ń gba ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1898, àti fún àfáà tí ń túmọ̀ ìwé Lárúbáwá sí Hausa tàbí Yorùbá. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo fún oríṣi olùgbọ́ mẹ́ta kí ó tó kọ́ orúkọ àwọn ọnà èdè, kí ó lè mọ ohun tí ọnà kọ̀ọ̀kan wà fún.