«Ìbá» lórí Tábìlì: Eré Ogun Àdáṣe àti Ìkọlù Sedan tí Kò Wáyé ní 1940

Ní oṣù Kejì ọdún 1940, àwọn ọ̀gágun Jámánì jókòó yí àwòrán ilẹ̀ ká ní Koblenz, wọ́n ń fi eré wo bí wọn yóò ṣe sọdá odò Meuse ní ìlú Sedan. Guderian, ọ̀gá àwọn táǹkì ogun, ní wọ́n lè kọjá odò ní ọjọ́ karùn-ún. Halder, tí ó wà lókè rẹ̀, kò gbà. Nígbà tí ogun wá dé ní oṣù Karùn-ún, tí kò sí àyè láti kọ àṣẹ tuntun, wọ́n fa ìwé àṣẹ tí wọ́n ti kọ fún eré yẹn yọ, wọ́n yí ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ padà, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13, ìkọjá bẹ̀rẹ̀. Guderian fúnra rẹ̀ ló kọ èyí sínú ìwé ìrántí rẹ̀.

Ìtàn yìí ni mo fi ń dá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lóhùn nígbà tí wọ́n bá ń béèrè ohun tí òpìtàn ń wá lórí tábìlì pẹ̀lú dáìsì àti táǹkì kéékèèké. Èmi nìkan ni mo máa ń ṣe eré náà. Ìbéèrè tí mo gbé ka iwájú kò ju ẹyọ kan lọ: ká ní táǹkì Faransé kọlù àwọn ará Jámánì ní gúúsù Sedan ní ọ̀sán ọjọ́ 14, kí ni ìbá ti ṣẹlẹ̀? Kì í ṣe ìbéèrè àjèjì pátápátá fún wa. Ọmọ Dahomey wà lára àwọn tirailleurs tí wọ́n wọ aṣọ ogun Faransé lọ́dún náà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Dìfíṣọ̀n táǹkì kẹta ti Faransé, tí wọ́n ń pè ní 3e DCR, dé ìtòsí ibẹ̀ ní ọjọ́ 14. Ọmọ oṣù méjì péré ni: oṣù Kẹta ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bàtálíọ̀nù 2 ti táǹkì ńlá B1 bis wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú 2 ti Hotchkiss H39. Àṣẹ wà pé kí wọ́n kọlù ọ̀tá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n táǹkì ní láti gba epo, ọ̀nà sì kún fún àwọn tí ń sá bọ̀. Wọ́n ń sún wákàtí ìkọlù síwájú, títí ọ̀gágun Flavigny fi fagi lé e nírọ̀lẹ́, tí ó sì ní kí wọ́n fọ́n àwọn táǹkì ká láti dí ọ̀nà, lórí ìlà tí gígùn rẹ̀ tó bíi kìlómítà 20.

Lójú èmi, gírámà ló kọ́kọ́ sọ ohun tí eré yìí ń ṣe. Ẹni tí ó bá sọ ní Yorùbá pé «bí àwọn Faransé bá kọlù wọ́n, afárá yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn» kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní «ká ní wọ́n kọlù wọ́n ni, afárá ìbá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn», olùgbọ́ ti mọ̀ pé ìkọlù náà kò wáyé. «Ìbá» ni òpìtàn fi ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé. Lórí tábìlì, mo ṣàkíyèsí pé n kì í lò ó. Bí mo bá gbé táǹkì sí ojú ọ̀nà Chémery, ohun tí mo ń sọ sí ara mi ni «bí wọ́n bá rí mi ńkọ́?» Òpin ìtàn tí mo ti mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kò sí nínú gbólóhùn yẹn mọ́. Ìgbà tí mo bá kó nǹkan mi nílẹ̀, tí mo mú gègé, ni «ìbá» ń padà wá.

Ìṣòro ẹni tí ń dá ṣe eré ni pé òun ni ọ̀tá ara rẹ̀. Níbi ayò, ọ̀ta kì í mọ èrò ọkàn ẹni tó jókòó kọjú sí i. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí èmi náà ni. Òfin ni mo fi ń dè é: àṣẹ kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ bàtálíọ̀nù kankan láìjẹ́ pé dáìsì gbà bẹ́ẹ̀. Fún Jámánì, dáìsì ẹ̀ẹ̀kan. Faransé ń jù ú ní ìpele kọ̀ọ̀kan tí ìwé àṣẹ ń gbà kọjá. Òfin kejì kan B1 bis. Irin iwájú rẹ̀ nípọn tó mílímítà 60, ó sì ní àgbá méjì, ọ̀kan 75 mílímítà nísàlẹ̀, ọ̀kan 47 lókè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé àgbá òkè: òun ni ọ̀gá, òun ló ń ki ọta, òun ló ń yìn ín. Nínú Panzer III, ẹni mẹ́ta ló ń pín iṣẹ́ náà. Nítorí náà, B1 bis tí ó bá yìnbọn nínú eré mi kò lè darí ẹlòmíràn ní wákàtí kan náà.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni Bulson. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13, ariwo ta láàrin àwọn ọmọ ogun Faransé pé táǹkì Jámánì ti dé abúlé yẹn, wọ́n sì sá. Dìfíṣọ̀n 55 tú ká. Kò tíì sí táǹkì Jámánì kan tó sọdá odò nígbà yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó máa rékọjá. Àwa tí a ń fi èdè méjì ṣiṣẹ́ lè rí nǹkan kan níhìn-ín. Nínú Faransé, «les chars auraient attaqué» lè túmọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ fún ni tí a kò tíì rídìí rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀: «wọ́n ní táǹkì kọlù wọ́n», «táǹkì ìbá ti kọlù wọ́n». Ní Bulson, «wọ́n ní» ti já bọ́ lẹ́nu àwọn tí ń sá. «Táǹkì wà níbẹ̀» ló kù.

Ìgbà 6 ni mo ṣe eré náà. Nínú 3 àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí àṣẹ rìn bí ó ti rìn: ìkọlù bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì bẹ̀rẹ̀ rárá lẹ́ẹ̀mejì. Nínú 3 ìkẹyìn, agogo 2 ọ̀sán ni mo fi í sí. B1 bis dé òkè Bulson lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá a dúró ní Chémery lẹ́ẹ̀kan. Kò dé ibi afárá Gaulier nígbà kankan, nítorí àwọn àgbá tí Jámánì kó jọ láti fi lé ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, àwọn bàtálíọ̀nù Faransé sì ti ya ara wọn. Ohun tí n kò retí ni pé wọn kò nílò láti dé ibẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ 14, Guderian yí Panzer 1 sí ìwọ̀-oòrùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ gúúsù sílẹ̀ fún ọmọ ogun díẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀mejì tí táǹkì Faransé hàn lórí òkè ní wákàtí yẹn, mo ní láti dá Panzer 1 padà. Táǹkì tí kò sí ló fọ́ dìfíṣọ̀n 55 ká. Èyí tí ó wà ní tòótọ́, kò sẹ́ni tó rí i.

Bóyá Paris ìbá ti bọ́ nínú ewu, n kò fi eré mi dáhùn ìyẹn. «Ìbá» kan ni mo lè fi dáìsì dì mú. Bí mo bá gbé òmíràn gùn ún, tí mo tún gbé ẹ̀kẹta gun ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ló kù. Mo kàn kọ̀ pé kí a máa sọ pé táǹkì Faransé kò dára. Láti ọjọ́ 15, wọ́n jà ní abúlé Stonne, tí ó ti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì nígbà 17. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 16, ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Pierre Billotte wọ abúlé náà pẹ̀lú B1 bis tí wọ́n sọ ní Eure, ó fọ́ táǹkì Jámánì 13, ó sì padà pẹ̀lú ojú ọta tó bíi 140 lára irin rẹ̀, tí ìkankan kò wọlé. Bàtálíọ̀nù 41 ni tirẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí mo tò sórí tábìlì fún ọ̀sán ọjọ́ 14.