Ìbẹ̀wò ẹran ọ̀sìn sọ́dọ̀ aláìsàn àti arúgbó

Ìbẹ̀wò ẹran ọ̀sìn jẹ́ àṣà mímú ajá, ológbò tàbí ehoro oníwà pẹ̀lẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú arúgbó, kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè fọwọ́ pa á lára, kí ara sì tù wọ́n. Kì í rọ́pò oògùn. Ìdánìkanwà àti àìbalẹ̀-ọkàn ló wà fún.

Ní The Retreat, ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n ṣí ní York, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1796, wọ́n ń tọ́jú ehoro àti adìyẹ nínú ọgbà fún àwọn aláìsàn. Ní àwọn ọdún 1960, Boris Levinson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní New York, kọ̀wé lórí bí ajá rẹ̀, Jingles, ṣe ń mú kí ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ túra ká. Ẹgbẹ́ Pets As Therapy bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1983: àwọn olùyọ̀ǹda-ara ló ń mú ẹran tiwọn wá, ẹgbẹ́ náà sì ń dán ìwà rẹ̀ wò kó tó wọ wọ́ọ̀dù.

Ní Ìpọ̀nrí àti àyíká rẹ̀ ní Surulere, ìlú Èkó, ṣíṣọ́ ilé ni a mọ ajá mọ́ jù, ọ̀dọ̀ ọmọ sì ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìbẹ̀wò yìí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé àrùn dìgbòlugi ṣì wà ní Nàìjíríà, nítorí náà abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹran náà ló ṣáájú ohun gbogbo. Ẹran kì í sún mọ́ ẹni tí egbò rẹ̀ kò tíì jiná. A gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn pàápàá: àwọn kan ń bẹ̀rù ajá, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì ka itọ́ rẹ̀ sí ohun àìmọ́. Ológbò kò ní ìdíwọ́ ti ẹ̀sìn yẹn.